Bí Mo Ṣe Dá Ohùn Alhája Lẹ́bi

Ọ̀sẹ̀ kan wà tí kò tíì kúrò lọ́kàn mi títí di òní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tí mo ṣẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà ti fi í rẹ́rìn-ín tán. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo wo ojú ìyá arúgbó kan, tí mo sì fẹnu ara mi sọ fún un pé ohùn rẹ̀ ti bàjẹ́. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò sí ohun tó bàjẹ́ níbì kankan, àfi orí tèmi.

Alhája ni onílé mi àtijọ́ ní Ọ̀jọ́. Ọdún mẹ́rin ni mo gbé nínú ilé wọn kí n tó kó lọ sí Ìbà, kí n lè sún mọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé iṣẹ́ fún mi. Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ni mo ń ṣe. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a lọ fọ̀rọ̀ wá àwọn èèyàn lẹ́nu wò, wọ́n á gba ohùn wọn sílẹ̀, wọ́n á sì gbé e wá fún mi kí n máa gbọ́ ọ, kí n sì máa tẹ̀ ẹ́ ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Nítorí pé ojoojúmọ́ ni mo ń fi etí gbọ́ ohùn láti inú kọ̀ǹpútà, mo gbà pé kò sí ẹni tó mọ nǹkan nípa ohùn bíi tèmi láti Ọ̀jọ́ títí dé Ìjaníkin. Àwọn ará ilé Alhája pàápàá gbà bẹ́ẹ̀. “Ìyá Kọ̀ǹpútà” ni wọ́n ń pè mí, mi ò sì bá wọn jiyàn.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, Àǹtí Sídí, àkọ́bí Alhája, pè mí lórí fóònù. Ohùn rẹ̀ kò dùn.

“Ìyá Kọ̀ǹpútà, o mọ̀ pé kókó kan wà lọ́nà ọ̀fun Màmá. Ọjọ́ Tọ́sìdeè tó ń bọ̀ yìí ni wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún wọn.”

“Ẹ pẹ̀lẹ́, Àǹtí. Ọlọ́run á bá wa ṣe é.”

“Àmín. Dókítà ní kò sí ewu, ṣùgbọ́n àwọn ò lè ṣe ìlérí pé ohùn wọn á padà sí bó ṣe wà. Ó lè tín-ínrín, ó sì lè má lókè mọ́. Ni àwa ọmọ bá sọ pé kí o jọ̀ọ́, kí o wá bá wa gba ohùn wọn sílẹ̀. Kí wọ́n kàn ki wa lọ́kọ̀ọ̀kan, bí wọ́n ṣe máa ń ki wa láàárọ̀.”

Ẹni tó bá ti gbé ilé yẹn rí nìkan ló lè mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Alhája kì í fi ohùn kékeré ki ọmọ rẹ̀. Ọmọ méje ló bí, gbogbo wọn ló sì ní oríkì tiwọn. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, tó bá ti kírun tán, á bẹ̀rẹ̀ láti orí àkọ́bí títí kan àbíkẹ́yìn. Àwọn tó ti lọ sílé ọkọ ńkọ́? Á pè wọ́n lórí fóònù, á sì kígbe oríkì náà tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó wà lódìkejì lè gbọ́ ọ láìsí fóònù. Fún ọdún mẹ́rin tí mo gbé níbẹ̀, mi ò ra aago tó ń dún. Ohùn Alhája ló ń jí mi.

Mo sọ fún Àǹtí Sídí pé kí wọ́n fọkàn balẹ̀. Àní, mo tún fi kún un pé iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni.

Nígbà tí mo dé Ọ̀jọ́ lọ́jọ́ Sọ́ńdè, Alhája ti jókòó sínú pálọ̀, ó we gèlè bí ẹni tó fẹ́ ya fọ́tò. Mo sọ fún un pé ohùn nìkan la fẹ́ gbà, kò sẹ́ni tó máa rí gèlè náà. Ó ní òun náà mọ̀, ṣùgbọ́n òun ò lè máa ki ọmọ òun pẹ̀lú orí lásán. Mo gbé ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ mi kékeré sórí tábìlì iwájú rẹ̀. Ẹ̀rọ yìí ti gbó díẹ̀, kò ní sípíkà, ihò tí wọ́n ń ki íyàpíìsì bọ̀ sì ti bàjẹ́. Bí ó bá ti gba ohùn tán, àfi kí n so ó mọ́ kọ̀ǹpútà mi nílé kí n tó lè gbọ́ ohun tó gbà.

Alhája sọ̀rọ̀ fún nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú. Ó ki gbogbo wọn. Ó sọ ọjọ́ tí wọ́n bí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn, èyí tí òjò rọ̀ lọ́jọ́ ìkómọ rẹ̀ àti èyí tó kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ jáde. Nígbà míì á dúró, á fọwọ́ kan ọ̀fun rẹ̀, á mu omi, á sì tún máa bá a lọ. Àǹtí Sídí ń nu ojú nù lẹ́nu ọ̀nà. Èmi náà ń ṣe bí ẹni pé nǹkan kó sí mi lójú.

Mo padà sí Ìbà, mo tan kọ̀ǹpútà, mo tẹ̀ ẹ́ kó máa sọ̀rọ̀. Ohun tó jáde kì í ṣe ohùn èèyàn. Ó ń ta pà-pà-pà bí àgbàdo nínú ìkòkò gbígbóná. Láàárín pà-pà-pà yẹn, ẹnì kan ń bú ramúramù bí ẹni tí wọ́n dé mọ́ inú gálọ́ọ̀nù. Mo yọ wáyà, mo tún un kì. Mo gbá sípíkà lẹ́yìn bí ẹni ń gbá ọmọ tí oúnjẹ há lọ́fun. Mo pa kọ̀ǹpútà, mo tún un tàn. Pà-pà-pà.

Níbí ni mo ti lo ọgbọ́n orí mi. Mo lọ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, mo tan fíìmù kan. Ohùn àwọn òṣèré dún ketekete. Mo wá sọ fún ara mi pé, “Ó dáa. Kọ̀ǹpútà ò ní àìsàn. A jẹ́ pé ibi tí a ti gba ohùn náà ni wàhálà wà.” Inú mi dùn sí ara mi gan-an. Mi ò mọ̀ pé ìdajì ìdáhùn ni mo rí, tí mo fi rò pé mo ti rí gbogbo rẹ̀.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè mo padà sí Ọ̀jọ́, mo sì wá ohun tó ba iṣẹ́ mi jẹ́. Kò pẹ́ tí mo fi rí i. Àgbò kan ni. Bùràímọ̀, ọmọkùnrin Alhája, ti lọ ra àgbò Iléyá ní Alábà Rágo, ó sì so ó mọ́ abẹ́ fèrèsé pálọ̀. Bí mo ṣe ń wọlé ló ké “mẹ̀ẹ́ẹ̀” sí mi lójú.

“Wò ó!” ni mo wí. “Ẹran yìí ló wọnú ohùn Màmá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e kúrò níbí.”

Bùràímọ̀ wò mí. “Àná tí wọ́n ń sọ̀rọ̀, ṣé ẹran yìí ké?”

“Ẹ̀yin lẹ lè má gbọ́ ọ. Ẹ̀rọ máa ń gbọ́ ohun tí etí èèyàn ò gbọ́.”

Bí mo ṣe sọ bẹ́ẹ̀ tán, ọ̀rọ̀ ti parí. Bùràímọ̀ tú okùn kó lè fa ẹran náà lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Àgbò náà ní òun ò lọ sí ẹ̀yìnkùlé kankan. Ó fà á lẹ́ẹ̀kan, okùn bọ́, ó gba géètì jáde. Bùràímọ̀ tẹ̀lé e, Àǹtí Sídí tẹ̀lé Bùràímọ̀ pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan, èmi náà tẹ̀lé wọn, nítorí pé bí mo bá dúró, ojú á tì mí ju bẹ́ẹ̀ lọ. A sá kọjá ilé mẹ́ta. Àgbò yà sínú ṣọ́ọ̀bù bábà kan, níbi tí ọkùnrin kan jókòó sí tí wọ́n ti fá ìdajì orí rẹ̀. Àgbò rí àgbò mìíràn nínú dígí ńlá ara ògiri. Ó fà sẹ́yìn díẹ̀, ó tẹ orí ba, ó sì kàn án. Gbàù! Ọkùnrin tí wọ́n fá ìdajì orí rẹ̀ ti wà ní títì kí a tó dé ẹnu ọ̀nà, aṣọ bábà ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

Nígbà tí a bẹ bábà tán, tí a sì mú ẹran náà padà, wákàtí kan ti lọ. Mo ti gbogbo fèrèsé pálọ̀, mo pa fáànù, mo ní kí ẹnikẹ́ni má rìn. Alhája jókòó sínú ooru náà, òógùn ń ṣàn wọnú gèlè rẹ̀, ó sì tún ki ọmọ méje láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò ráhùn. Ó kàn béèrè bóyá òun lè mu omi sí i.

Mo délé, mo so ẹ̀rọ mọ́ kọ̀ǹpútà. Pà-pà-pà.

Ní ọjọ́ Túsìdeè, ẹnì kan ṣoṣo ló kù tí mi ò tíì fura sí, ẹni náà sì ni Alhája fúnra rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, mo gbé kọ̀ǹpútà mi dání kí n lè máa gbọ́ ọ lójú ẹsẹ̀. Mo ní kó sún mọ́ ẹ̀rọ. Mo ní kó sún sẹ́yìn. Mo ní kó rọra sọ̀rọ̀, lẹ́yìn náà mo ní kó gbé ohùn sókè. Mo fi aṣọ ìbora bo orí òun àti ẹ̀rọ náà, bí ẹni tó fẹ́ fa ooru àgbo símú. Láti abẹ́ aṣọ ìbora yẹn ni mo ti gbọ́ ìbéèrè kan tó rọra jáde.

“Ọmọ mi, ṣé ohùn mi ló burú tó báyìí ni?”

Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́. Mo lè sọ pé, “Màmá, mi ò mọ̀.” Ọ̀rọ̀ kékeré ni, kò sì ní dun ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n èèyàn tó ń jẹ́ Ìyá Kọ̀ǹpútà kì í sọ pé òun ò mọ̀. Mo ní, “Ó ti ń fọ́, Màmá. Bóyá nítorí àìsàn yẹn ni.”

Alhája ṣí aṣọ ìbora náà kúrò lórí, ó tún gèlè rẹ̀ ṣe, ó sì kọjú sí mi.

“Ìwọ ọmọ yìí, gbọ́ mi dáadáa. Ohùn yìí ni mo fi ta ẹja fún ogún ọdún, tí àwọn tó wà nínú ọkọ̀ ojú omi ń gbọ́ mi kí wọ́n tó gúnlẹ̀. Ohùn yìí ni mo fi lé olè jáde nínú ọgbà yìí láìgbé igi. Nígbà tí o ń gbé nínú ilé mi, tí oorun ò jẹ́ kí o dìde, ohùn wo ni mo fi ń jí ẹ? Bí ẹ̀rọ rẹ ò bá lè gbé ohùn mi, ẹ̀rọ rẹ ni kó lọ sí ọsibítù!”

Lẹ́yìn èyí ló fi ìbínú ki gbogbo ọmọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta, kíákíá, bí ẹni ń ka ẹ̀sùn. Ẹ̀rọ sì ń gbà á sílẹ̀, títí kan èébú mi.

Ó yẹ kí n dúró síbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ fi hàn án pé èmi kọ́ ni mo ń purọ́. Mo so ẹ̀rọ mọ́ kọ̀ǹpútà níwájú rẹ̀, mo sì tàn án. Pà-pà-pà, àti ẹni inú gálọ́ọ̀nù. Alhája tẹ́tí sí i. Ojú rẹ̀ yí padà díẹ̀díẹ̀. Ó gbé ọwọ́ lé ọ̀fun, ó sì sọ ní ohùn kékeré kan tí mi ò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí, “Ó dáa. Mo ti gbọ́.” Ó dìde, ó wọ yàrá lọ.

Mo wá ojútùú nígbà tí mo délé. Ọkùnrin kan lórí fídíò ní kí n wọ ibi tí wọ́n ń to iṣẹ́ inú kọ̀ǹpútà sí, kí n yọ ètò tó ń darí ohùn kúrò, pé á padà fúnra rẹ̀. Mo yọ ọ́. Kò padà. Ní báyìí kò sí pà-pà-pà mọ́, kò sì sí nǹkan kan rárá. Fíìmù dákẹ́, kọ̀ǹpútà yadi pátápátá.

Ní àárọ̀ Wẹ́sìdeè, mo gbé e lọ sí Òkókómáìkò, sọ́dọ̀ obìnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Abẹ́òkúta ló ti wá, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Mo ṣàlàyé fún un nípa àgbò, ooru, aṣọ ìbora, àìsàn ọ̀fun, gbogbo rẹ̀. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

“Àǹtí,” ó ní, “ṣé ẹ ti gbọ́ ohùn yìí lórí kọ̀ǹpútà mìíràn?”

“Rárá.”

Obìnrin náà gba ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ náà lọ́wọ́ mi, ó so ó mọ́ kọ̀ǹpútà tirẹ̀, ó tẹ èyí tó wà lókè pátápátá, ìyẹn ti ọjọ́ Túsìdeè. Ohùn Alhája bọ́ sínú ṣọ́ọ̀bù náà bí ẹni pé òun gan-an ló wọlé. Ketekete. Mo gbọ́ bó ṣe ń mí lábẹ́ aṣọ. Mo gbọ́, “Ọmọ mi, ṣé ohùn mi ló burú tó báyìí ni?” Mo sì gbọ́ ohùn obìnrin kan tó dá a lóhùn pẹ̀lú ìdánilójú, bíi dókítà, “Ó ti ń fọ́, Màmá.” Àwọn oníbàárà mẹ́ta tó wà níbẹ̀ yíjú sí mi. Nígbà tí Alhája wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi mí ṣẹ̀sín nípa oorun mi, ọ̀kan nínú wọn jókòó sílẹ̀ kó lè rẹ́rìn-ín dáadáa.

Obìnrin náà dá ètò tí mo yọ padà. Lẹ́yìn náà ó ṣí sọ́fítíwíà tí mo fi ń gbọ́ ohùn, ó sì fi ojú ewé kan hàn mí. Ìlà kéékèèké tí wọ́n fi ń gbé ohùn sókè tàbí wálẹ̀ tò síbẹ̀, gbogbo wọn ló kan òkè. Fọ́lúùmù inú rẹ̀ ti kọjá ọgọ́rùn-ún, ó ti dé igba.

“Ta ló tò ó báyìí?”

Mo mọ ẹni náà. Oṣù tó kọjá, akẹ́kọ̀ọ́ kan gbé ohùn kan wá tó lọ sílẹ̀ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ àṣírí. Mo ti gbogbo ìlà yẹn lọ sókè kí n lè gbọ́ ọ, mo tẹ iṣẹ́ náà tán, mo gbàgbé. Ilé ẹ̀kọ́ gba ìsinmi, mi ò lo sọ́fítíwíà náà mọ́ títí di ọ̀rọ̀ Alhája. Inú sọ́fítíwíà yẹn nìkan ni mo ti gbé ohùn sókè, ìdí nìyẹn tí fíìmù fi ń dún dáadáa. Ohùn tó ti lókè tẹ́lẹ̀, kọ̀ǹpútà mi ń fagbára gbé e sókè sí i títí á fi ya. Obìnrin náà fa gbogbo ìlà wálẹ̀. Kò ju ìṣẹ́jú kan lọ.

Mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Ọ̀jọ́. Ó kù díẹ̀ kí wọ́n gbé Alhája lọ sí ọsibítù lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Bí mo ṣe wọ ọgbà, mo rí i pé nǹkan ò rí bó ṣe yẹ. Ilé náà dákẹ́. Àǹtí Sídí fà mí sí ẹ̀gbẹ́ kan.

“Láti àná, Màmá ò gbé ohùn sókè mọ́. Tí wọ́n bá fẹ́ omi, wọ́n á rọra fọwọ́ pè wá. Láàárọ̀ yìí, wọn ò ki ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ fi ohùn tó ti fọ́ dí wa létí.”

Àárọ̀ ìkẹyìn tí ohùn rẹ̀ ṣì wà lódindi, mo ti jẹ́ kó fi dákẹ́.

Mo kúnlẹ̀ síwájú Alhája níbi tó jókòó sí lórí ibùsùn rẹ̀, báàgì ọsibítù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. “Màmá, ẹ dárí jì mí. Kò sóhun tó ṣe ohùn yín. Èmi ni mo ba ètò kọ̀ǹpútà mi jẹ́, mi ò sì mọ̀.” Mo ṣí kọ̀ǹpútà, mo tan ti ọjọ́ Sọ́ńdè, èyí àkọ́kọ́.

Ó gbọ́ ọ láìmira. Ó gbọ́ oríkì Àǹtí Sídí, ó gbọ́ ti Bùràímọ̀.

“Èmi nìyẹn?”

“Ẹ̀yin ni, Màmá.”

“Ohùn mi mà dára o.”

“Ó dára gan-an, Màmá.”

Ó bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà di ikọ́, ikọ́ náà tún di ẹ̀rín. “Ìwọ yìí! O lé àgbò mi wọ ṣọ́ọ̀bù bábà, o fi aṣọ ìbora sè mí bíi mọ́ínmọ́ín, ìwọ gan-an lo sì bà á jẹ́!” Ó dìde, ó lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti orí àkọ́bí. Ó ki gbogbo ọmọ rẹ̀, àwọn tó wà nílé àti àwọn tí kò sí, ní ọ̀sán gangan. Àwọn aládùúgbò yọjú lórí fẹ́ǹsì. Kò sẹ́ni tó gba èyí sílẹ̀. Mo ti gbàgbé pé ẹ̀rọ wà lọ́wọ́ mi.

Iṣẹ́ abẹ náà yọrí sí rere. Ohùn rẹ̀ padà wá, ṣùgbọ́n ó tín-ínrín, kò sì lè gùn mọ́. Ó ń ki àwọn ọmọ rẹ̀ láàárọ̀ síbẹ̀, ní ọ̀rọ̀ méjì-méjì, wọ́n sì ní láti sún mọ́ ọn kí wọ́n tó gbọ́.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ kò le. Bí nǹkan bá bàjẹ́ níwájú mi báyìí, mo máa ń kọ́kọ́ béèrè ohun tí ọwọ́ tèmi ṣe sí i, kí n tó yíjú sí ẹlòmíràn. Mo sì ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ pé “mi ò mọ̀.” Ó kọ́kọ́ le lẹ́nu mi, ṣùgbọ́n ó ti ń mọ́ mi lára.

Nínú ohùn mẹ́ta tí mo kó fún àwọn ọmọ Alhája, èmi rò pé ti ọjọ́ Sọ́ńdè ni wọ́n máa fẹ́ràn, nítorí pé òun ló dùn jù. Rárá o. Ti ọjọ́ Túsìdeè ni wọ́n ń gbọ́ nígbàkigbà tí wọ́n bá pé jọ. Wọ́n ní ibẹ̀ ni Màmá wọn wà lódindi. Ọjọ́ tí wọ́n tàn án kẹ́yìn, mo wà níbẹ̀, mo gbé oúnjẹ lé itan. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ-ọmọ béèrè pé, “Ta ni obìnrin tí Ìyá Àgbà ń bú yẹn?” Gbogbo ilé yíjú sí mi. Mo gbé ìrẹsì tó wà lẹ́nu mi mì, mo ní, “Èmi ni,” mo sì bá wọn rẹ́rìn-ín, nítorí pé kí ni mo tún fẹ́ ṣe?